Àwọn Tó Dọ̀bálẹ̀ Nítorí Ọ̀gá

Mo rántí ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tí bàtà àwọn àgbàlagbà kún ẹnu ọ̀nà wa l'Ágége bí ẹni pé a fẹ́ sọmọ lórúkọ. Èmi ni mò ń gbé omi kiri, inú mi sì ń dùn pé àwọn èèyàn ńlá wá sílé wa. Ojú mi ò tíì là rárá nígbà náà.

Àbúrò mi obìnrin ni wọ́n wá bẹ̀. Iléeṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń lọ ike ní Ọgbà ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ ló ní kí wọ́n tú irin tó bo ẹnu ẹ̀rọ kúrò kí iṣẹ́ lè yá, ẹ̀rọ náà sì gé ọwọ́ ọ̀tún àbúrò mi. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, ọ̀gá ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí àbúrò mi wá ń fẹ́ ni kí ọkùnrin náà dúró níwájú adájọ́, kó sọ òótọ́.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa ni ọ̀gá, ìyẹn làwọn àgbà ìlú ṣe kó ara wọn wá. Àfáà tó sọ wá lórúkọ ló ṣáájú wọn. Wọ́n ní, "A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́," wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tàwọn ti irùngbọ̀n funfun.

Màmá wa figbe ta. "Háà, Bàbá, ẹ dìde! Ẹ má jẹ́ n rí èèmọ̀!" Màmá yíjú sí àbúrò mi. "Sọ pé o ti gbà, kí Bàbá lè dìde."

Ó ní, "Mo ti gbà."

Bí ẹjọ́ ṣe parí nìyẹn. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ò wọlé. Inú mọ́tò ló wà níta, ó ń tẹ fóònù. Mo gbé omi fún un, ó ní, "Ṣé wọ́n ti ṣe tán?"

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀rọ yẹn tún gé ìka ọmọbìnrin mìíràn. Àwọn àgbà tún wá, wọ́n ní kí àbúrò mi tẹ̀lé àwọn lọ bẹ àwọn òbí ọmọ náà nílé wọn, pé tí wọ́n bá rí i, ọkàn wọn á rọ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé ó gbà. Àṣé ó ní ohun tó fẹ́ lọ sọ.

Bí àwọn àgbà ṣe dọ̀bálẹ̀, ó lọ jókòó ti ọmọ náà. "Jẹ́ kí wọ́n wà nílẹ̀," ó wí.

Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ náà ti ń fa Àfáà dìde.