Oríkì Ilé Ọkọ Mi ní Obiagu

Ìyá kan ṣoṣo ló mọ oríkì ilé ọkọ mi ní gbogbo Enugu, ó sì ń lọ lọ́jọ́ Sátidé.

Ọdún 1966 ni. Ọkọ̀ ojú irin ń kó àwọn Ìgbò tó sá bọ̀ láti Òkè Ọya dé, ẹlòmíràn pẹ̀lú ọgbẹ́ lára, ẹlòmíràn lọ́wọ́ òfìfo. Ojú tí wọ́n fi ń wo ẹni tí èdè rẹ̀ yàtọ̀ ti yí padà láàárín ìlú. Ọkọ mi, tó jẹ́ akọ̀wé ní rélùwéè, kìlọ̀ fún èmi àti ọmọbìnrin wa pé a kò gbọdọ̀ sọ Yorùbá sókè ní àgbàlá. Kò nira fún òun. Enugu ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ni wọ́n sin bàbá àti ìyá rẹ̀ sí. Ìgbò yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ.

Agbo ilé bàbá ọkọ mi nílẹ̀ Yorùbá ni wọ́n gbé ìyá yìí níyàwó sí, kí ọkọ rẹ̀ tó mú un wá síbi iṣẹ́ èédú. Àwọn ìyàwó ilé ló sì máa ń mọ oríkì ọmọ ilé. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, mo mú ọmọ mi lọ sí yàrá rẹ̀ ní Obiagu, àdúgbò tí àwa náà ń gbé ní Enugu. Mo ní kó kúnlẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí kì í, kí ìyá lè mọ̀ pé n kò wá lófìfo.

Ìyá gbé ọwọ́ sókè. "Dúró ná. Oríkì ta nìyẹn?"

"Ti ilé bàbá mi ni, ìyá. Òun nìkan ni mo mọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. "Háà, ìyàwó! Oríkì ilé bàbá tìrẹ lo fi ń jí ọkọ mi láràárọ̀? Àwọn àna wa á mà dúpẹ́ o! Tiwa wá ńkọ́?"

Ọmọ mi, ọmọ ọdún méje, ló ń pè ní ọkọ: ọkọ ni gbogbo ọmọ ilé lójú ìyàwó ilé. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó ní, "Ilé ìyá kò ṣé é jù nù. Ṣùgbọ́n ilé bàbá ló ń ṣáájú."

À ń ṣa ẹ̀wà, ó ń sọ, mò ń tẹ̀ lé e, ohùn wa kò ju ti ẹni tó ń gbàdúrà lọ. Nígbà tó fi di ọjọ́ Ẹtì, ó ku apá ìgbẹ̀yìn. Ọkọ mi sì ti gbọ́.

"Ṣé o fẹ́ kí wọ́n wá ká wa mọ́lé ni?" ló wí. "Ta ló kì mí rí? Ṣé n kò dàgbà ni?"



Ní àárọ̀ Sátidé, ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló bá ìyá gbé ẹrù sínú lọ́rì. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan dúró sí ìkóríta, wọ́n ń wò wá. Ìyá jókòó sórí ẹrù, ó tẹjú mọ́ mi.

"Ìyàwó, fetí sílẹ̀. Èyí tó kù nìyí."

Ó sì gbóhùn sókè. 

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra," ni ọkọ mi ń wí. Ìyá kò rọra. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí bọ̀.

Onílé wa, obìnrin Ìgbò, jáde síta. Ó bi ọkọ mi ní Ìgbò pé kí ni ìyá àgbà yìí ń pariwo.  Ìgbò tí mo gbọ́ tó láti mọ ohun tó fi dá a lóhùn:

"Àwọn bàbá mi ló ń pè."

Obìnrin náà yíjú sí àwọn tó ń bọ̀. "Ẹ jẹ́ kó pè wọ́n," ló wí. "Èwo nínú yín ni kò ní bàbá?"

Wọ́n dúró. Dírẹ́bà ṣíná sí ọkọ̀. Ẹnu ìyá ṣì ń mì bí lọ́rì ṣe ń lọ, ṣùgbọ́n ariwo ẹ́ńjìnnì ti borí ohùn rẹ̀.

Àwa náà kúrò ní Enugu láìpẹ́. Nínú ilé tuntun wa, ọkọ mi kì í jẹ́ kí ọmọ lọ sí ilé ìwé láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ kì í. Ọkọ mi á dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ bàtà tirẹ̀ kan lọ́wọ́. Tí mo bá dé ibi tí ẹ́ńjìnnì ti gba ohùn ìyá, ibẹ̀ ni mo máa ń dúró sí, torí ibẹ̀ ni mo gbọ́ dé. Òun náà á dúró díẹ̀ sí i, á sì wọ bàtà kejì.