Ìpín Ẹni Tí Kò Sí Nílé

Ẹ̀kọ́ ọrọ̀-ajé ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní Kàbà. Nínú gbogbo ohun tí mò ń kọ́ wọn, èyí tó máa ń gba ẹnu mi jù ni bí a ti ń wọn owó tó ń wọlé fún orílẹ̀-èdè, tí a sì ń pín in sí orí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó rọrùn láti sọ: ẹ kó gbogbo ohun tí àwọn ará ìlú rí lọ́dún kan jọ, kí ẹ fi iye èèyàn pín in. Bí ẹ bá ń ṣe é lọ́dọọdún, ẹ ó mọ̀ bóyá à ń lọ síwájú tàbí à ń fà sẹ́yìn. Ìwé tí à ń lò fi wá sáàárín àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó tí wọn kò sì tòṣì pátápátá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á síta, ẹ̀rín ni kíláàsì fi dá mi lóhùn. Mo ní kí wọ́n dákẹ́, pé a kì í fi ẹ̀rín yege ìdánwò.

Náírà ń wú bí gàárì tí a da omi sí, ohun tó rà lésìí kò lè rà á mọ́ lọ́dún yìí. Nítorí náà mo fi owó sílẹ̀, mo fi iṣu ilé wa ní Iyah-Gbede ṣe àpẹẹrẹ. Ìyá mi ló ń dá oko náà láti ìgbà tí bàbá wa ti kú. Tí wọ́n bá kórè tán, wọn á pín iṣu sí òkìtì, òkìtì kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún ara wọn. Bí ìyá tiwọn náà ti ń ṣe é nìyẹn.

Mo kọ ọdún méjì sójú pátákó: ọdún kan tí gbogbo wa ṣì wà nílé, àti ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ tí òjò kò rọ̀ dáadáa. Ní ti ọdún kejì, iye àwa tó kù ni mo fi pín in. Àpapọ̀ iṣu dín kù, àmọ́ ìpín orí kọ̀ọ̀kan pọ̀ sí i. Mo yíjú sí wọn tayọ̀tayọ̀, mo ní, "Ṣé ẹ rí i? Ilé yìí ti gòkè."

Ọmọbìnrin kan tó jókòó níwájú ní, "Sà, iṣu dín kù, báwo ni ìpín ṣe wá pọ̀ sí i?"

Mo yíjú padà sí pátákó. Ìpín pọ̀ nítorí pé ẹnì kan ti kúrò láàárín àwọn tí a ń pín in fún. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni. Ó gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ wáṣẹ́ lókè òkun, ó pè wá lẹ́ẹ̀kan lójú ọ̀nà, láti ìgbà náà a kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi yọ ọ́ kúrò lójú pátákó, tí mo tún ń yọ̀ pé ilé wa gòkè. Ó dùn mí wọra. Mo nu pátákó, mo ní kí wọ́n máa lọ kí agogo tó lù.

Ìyá mi ní tiwọn kò yọ ọ́ rí. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń ya òkìtì ẹ̀gbọ́n mi sọ́tọ̀ nínú abà. Bí àsìkò gbígbìn bá dé, wọn á gé e ní ebù, wọn á gbìn ín sí àwọn ebè tó jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n mi, ohun tó bá sì ta níbẹ̀ á padà sórí òkìtì rẹ̀. Nínú gbogbo wa, ìpín tirẹ̀ nìkan ni kì í dín kù, torí kò sí nílé láti jẹ ẹ́.

N kò rí ohun tó burú nínú rẹ̀ títí di ọjọ́ Sátidé kan tí mo lọ kí màmá, lásìkò tí kajú ń gbẹ lójú oòrùn. "Ìyé, òkun o," ni mo fi èdè ilé wa kí wọn láti ẹnu ọ̀nà. "Òkun o, ọmọ mi," ni wọ́n dáhùn. Wọ́n ti rù, egungun ọrùn wọn ti yọ. Abọ́ gàárì wà níwájú wọn. Mo yọjú sínú abà: òkìtì àwa ọmọ yòókù ti lọ sí Kàbà àti Àbújá tí à ń gbé tipẹ́, tiwọn náà ti tán. Ti ẹ̀gbọ́n mi ga kan àjà, iṣu mìíràn níbẹ̀ ti ń hù.

Inú bí mi. "Ìyé, ẹ ń mu gàárì lọ́sàn-án gangan, iṣu sì kún abà?"

"Iṣu tèmi ti tán. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ nìyẹn."

"Ẹ̀gbọ́n mi kò sí níbí."

"Ó wà. Ẹni tó ní ìpín nílé kò sọnù."

"Ẹni tó wà nílẹ̀ là ń pín nǹkan fún, Ìyé. Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn."

"Ta ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀?"

Mo ní orílẹ̀-èdè ni.

Wọ́n ní, "Orílẹ̀-èdè kọ́ ló bí i."

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé ebi yóò pa ìyá wa nítorí ọmọ tí a kò rí, ìbínú mi kò sì tíì rọlẹ̀. Mo ní, "Ó dáa, ẹ̀gbọ́n mi wà. Kí ni aládùúgbò yóò máa wí nípa rẹ̀? Àwa tó kù ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí yín. Òun tí iṣu rẹ̀ kan àjà, ìyá rẹ̀ ń mu gàárì. Ṣé irú ọmọ tí ẹ bí nìyẹn?"

Wọ́n dìde, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ yí kajú. Ibẹ̀ ni mo fi wọ́n sí, mo wọkọ̀ padà sí Kàbà, mo sì ń bá ara mi jà lójú ọ̀nà pé ọ̀rọ̀ mi ti le jù.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo gbé ìrẹsì àti ẹja lọ bẹ̀ wọ́n. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà ni òórùn epo pupa ti pàdé mi. Wọ́n jókòó ti ààrò, wọ́n ń bu iṣu sísè sínú abọ́ méjì.

"Jókòó kí o jẹun," ni wọ́n wí.

Òkìtì kan ṣoṣo ló wà nínú abà yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Mo jókòó. Wọ́n ti iṣu bọ epo, wọ́n gé e jẹ, wọ́n gbé e mì.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ló ń bọ́ wa lónìí," wọ́n ní. "Láti kékeré, kì í dá jẹun."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti dárúkọ rẹ̀ tí wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Omi lé ròrò sí mi lójú, mo ní ata ni, bẹ́ẹ̀ kò sí ata nínú epo náà.

Nígbà tí a jẹun tán, wọ́n ṣa àwọn orí iṣu tí wọ́n ti gé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n fi eérú ra ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà, wọ́n sì kó wọn padà sí ẹ̀gbẹ́ òkìtì ẹ̀gbọ́n mi, di ọjọ́ gbígbìn.