Ọjọ́ tí Kọ̀ǹpútà Àlàájà Ya Odi

Òórùn ìwé gbígbóná ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn ní ṣọ́ọ̀bù Àlàájà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó la Èjìgbò kọjá. Ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́nu ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe ẹ̀dà ni, òórùn rẹ̀ a sì máa dàpọ̀ mọ́ ti ata gbígbẹ tí wọ́n ń lọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kejì, débi pé bí oníbàárà kan bá sín, gbogbo wa la ó tẹ̀ lé e. Ìparí àwọn ọdún 1990 ni mò ń wí yìí, nígbà tí ènìyàn lè fi ìka ọwọ́ kan ka gbogbo kọ̀ǹpútà tó wà nílùú. Àlàájà ṣòwò aṣọ ní Àbíjàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìgbà tí wọ́n padà wálé ni wọ́n ra tiwọn, wọ́n sì gbà mí síṣẹ́ pé kí n máa fi tẹ̀wé fún àwọn oníbàárà. Mo ti kọ́ táípúráítà ní Òṣogbo, mo sì ti lo oṣù mẹ́fà nílé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà níbẹ̀, ṣùgbọ́n “ọmọ tó ń tẹ̀wé” ni gbogbo ènìyàn ń pè mí, èmi náà kò sì ro ara mi ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó ń wá jù lọ ni bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Bàbá Tíṣà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n ti fi ẹsẹ̀ rìn láti agboolé dé agboolé ní Èjìgbò, àti ní Ara àti Ola, àwọn ìlú tó wà nítòsí, wọ́n ń bi àwọn arúgbó pé ta ló kúrò nínú ilé yìí lọ sí Àbíjàn, ọmọ ta ni, ìgbà ayé ta ló lọ, kí ni oríkì ilé yín. Wọ́n ní àwọn ọmọ tí wọ́n bí sọ́hùn-ún ń dàgbà, pé lọ́jọ́ kan wọn yóò wá ilé baba wọn wá, wọn kò sì ní mọ ẹni tí wọn yóò bi. Pẹ́ńsù ni wọ́n fi kọ ọ́ sórí àjákù ìwé, nígbà tí mo sì mọ̀ wọ́n, ojú wọn ti ṣú débi pé wọn kò lè ka púpọ̀ nínú rẹ̀ mọ́. Wọ́n á jókòó tì mí, wọ́n á máa rántí, èmi á máa tẹ̀ ẹ́. Ó lé ní ọdún kan tí a fi ń ṣe é. Púpọ̀ nínú àwọn tó sọ ìtàn fún wọn ti papò dà láàárín àkókò náà.

Àárín ọyẹ́ ni wàhálà dé. Iná lọ, ó dé, ó tún lọ, ó tún dé, kí n tó sáré pa ẹ̀rọ, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Wíńdò, ti dàrú. Kọ̀ǹpútà kò jí mọ́. Mo kó dísíkẹ́ẹ̀tì méjì tí mo fi ṣe ẹ̀dà ìwé Bàbá lọ sí ibòmíràn tí wọ́n ní kọ̀ǹpútà, kò sí èyí tó ṣí nínú méjèèjì. Eruku ti wọ̀ wọ́n. Bó ṣe jẹ́ pé inú ẹ̀rọ tó kú yẹn nìkan ni ìwé náà wà nìyẹn.

Àlàájà ránṣẹ́ pe ẹnjiníà kan láti Ìbàdàn. Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ló dé, ó tún Wíńdò tò sórí ti tẹ́lẹ̀ láìfọwọ́ kan iṣẹ́ wa, lẹ́yìn náà ó pa iná, ó tú gbogbo wáyà, ó ṣí ikùn ẹ̀rọ, ó fẹ́ eruku inú rẹ̀ dànù, ó pa á dé, ó tún wáyà so, ó sì tàn án. Nígbà tí àwòrán òfuurufú aláwọ̀ búlúù yọ lójú ẹ̀rọ, Àlàájà pariwo “Alhamdulilahi!” Mo na ọwọ́ sí máòsì. Ọfà funfun tí máòsì máa ń darí dúró gbagidi láàárín ojú ẹ̀rọ, bí ẹni pé wọ́n kàn án mọ́ ibẹ̀. Mo tẹ kíbọ́ọ̀dù, mo tẹ̀ ẹ́ títí, kò dáhùn. Ẹnjiníà náà tẹ̀ ẹ́, ó pa á, ó tún tàn án, ó mi orí.

“Bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ ló jó,” ó ní. “Màá gbé e lọ sí Ìbàdàn. Ó ṣeé ṣe ká pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́ ká tó lè tún un bẹ̀rẹ̀.”

Ó ní òun fẹ́ lọ kírun Jímọ̀, pé bí òun bá dé, òun á gbé e sínú ọkọ̀. Àlàájà jókòó wọ̀ọ̀. “Sé fíní,” wọ́n sọ ọ́ bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ l’Ábíjàn, “ó parí nìyẹn.” Bàbá Tíṣà tó jókòó sórí bẹ́ńṣì láti àárọ̀ kò bínú, wọn kò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n kàn sọ ni pé, “Bàbá tó sọ ti agboolé wọn ní Ola fún mi, oṣù tó kọjá ni a sin wọ́n.” Ọ̀rọ̀ yẹn ló gún mi lọ́kàn.

“Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́,” mo ní, “ẹ jẹ́ kí n wò ó díẹ̀ kí ẹnjiníà tó dé.”

“Ìwọ? Ṣé o kò ní bà á jẹ́ sí i?”

“Ohun tí wọ́n fẹ́ pa rẹ́ náà ni, mà. Kí ló kù tí mo fẹ́ bà jẹ́?”

Ẹnu ya èmi fúnra mi pé ọ̀rọ̀ yẹn jáde. Àlàájà wo Bàbá, wọ́n wò mí. “Ó dáa. Bísímílà.”

Mo pa á, mo tún tàn án, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí n kò wo ojú ẹ̀rọ. Kíbọ́ọ̀dù ni mo tẹjú mọ́. Iná wẹ́wẹ́ mẹ́ta tó wà ní igun rẹ̀ ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì kú. Kí àwòrán òfuurufú tó yọ, mo tẹ bọ́tìnnì tó máa ń tan ọ̀kan nínú àwọn iná náà. Kò tàn. Mo jókòó, mo rò ó. Kíbọ́ọ̀dù tó ṣẹ́jú kò tíì kú, iná ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wíńdò kò sì tíì wọlé nígbà tó kọ̀ láti gbọ́ràn, nítorí náà ẹjọ́ Wíńdò kọ́. Báwo wá ni kíbọ́ọ̀dù àti máòsì ṣe ya odi lọ́jọ́ kan náà, lẹ́yìn tí wọ́n tú wọn tí wọ́n tún wọn so? Àfi kó jẹ́ pé ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ wọn ń gbà wọlé ló dí.

Mo pa iná pátápátá, mo yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà síta. Ihò róbótó méjì wà níbẹ̀ tó jọra bí ìbejì, wáyà kíbọ́ọ̀dù wọ ọ̀kan, ti máòsì wọ èkejì, kò sí èyí tó mì. Ó kù díẹ̀ kí n dá a padà. Ṣùgbọ́n mo fi etí gèlè mi nu eruku tó bo irin náà, àwòrán kéékèèké méjì sì yọ: ọ̀kan jọ páálí tó ní eyín, èkejì jọ eku tó ní ìrù. Wáyà kíbọ́ọ̀dù ló wà nínú ihò eku, èyí tó jẹ́ ti máòsì.

Mo pààrọ̀ wọn. Mo tanná. Mo tẹ bọ́tìnnì yẹn, iná rẹ̀ tàn. Mo tẹ̀ ẹ́, ó kú; mo tẹ̀ ẹ́, ó tàn. Mo kígbe tó mú kí aláta ṣọ́ọ̀bù kejì wá yọjú.

“Súrì yẹn ńkọ́?” Àlàájà bèèrè. Bí wọ́n ṣe ń pe máòsì l’Ábíjàn nìyẹn. Ayọ̀ mi rọlẹ̀, nítorí pé ọfà náà kò mì síbẹ̀. Wíńdò ti wọlé láìbá máòsì nílé, ó sì dà bí ẹni pé kò gbà pé ó wà. Ibi tí òṣì ilé ẹ̀kọ́ wa ní Òṣogbo ti gbè mí nìyí. Máòsì kan ṣoṣo ni àwa mẹ́jọ ń dù níbẹ̀, olùkọ́ wa sì kọ́ wa bí a ṣe lè fi ìka rìn nínú kọ̀ǹpútà láìní í. Mo tẹ bọ́tìnnì méjì pọ̀, àtòkọ iṣẹ́ yọ sókè. Mo ń sọ̀kalẹ̀, mo ń gòkè, títí mo fi dé ibi tí ènìyàn ti lè sọ fún un pé kó wo ohun tuntun tí wọ́n so mọ́ ọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ìlà búlúù kan ń fà lójú ẹ̀rọ bí ìgbín. Mo ń gbọ́ ohùn àwọn tó ti kírun tán tí wọ́n ń bọ̀ lójú títì, òógùn sì ń ṣàn lẹ́yìn mi nínú ọyẹ́. Nígbà tó yá, ó ní òun ti rí nǹkan kan, kí n pa òun kí n tún òun tàn.

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fọwọ́ kan máòsì, ọfà náà sì sáré bí ọmọ tí wọ́n tú sílẹ̀ níléèwé.

N kò dúró gba ìkíni. Mo wá ìwé Bàbá, mo ṣí i, mo ka ohun tó kọ́kọ́ bọ́ sí mi lójú, ti agboolé Ola yẹn, orúkọ tẹ̀ lé orúkọ. Bàbá Tíṣà dìde dúró. “Tún un kà,” wọ́n ní. Mo tún un kà. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú wọn.

Orí ẹ̀rín yẹn ni ẹnjiníà bá wa. “Ta ló ṣe é?”

“Ọmọ mi ni,” Àlàájà dáhùn, wọ́n na ọrùn bí ìyá ìyàwó.

Ó lọ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ó wò ó dáadáa, ó wá bọ̀ mí lọ́wọ́. “Èmi ni mo pààrọ̀ wọn. O káre, ẹnjiníà.” Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò létí mi. Ọ̀sán ọjọ́ náà la tẹ gbogbo ìwé náà jáde, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń ké ríràrírà, Bàbá ń gba ojú ìwé kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń gba ọmọ tuntun. Ẹ̀dà kan bá àwọn aláṣọ lọ sí Àbíjàn, ọ̀kan dúró sí ṣọ́ọ̀bù.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, ọmọbìnrin kan láti Àbíjàn wọlé tọ̀ wá, Faransé nìkan ló gbọ́. Orúkọ baba baba rẹ̀ ló kọ sórí ìwé pélébé. Àlàájà ń túmọ̀, mo ń ṣí ìwé Bàbá, a sì rí i. Èmi ni mo mú un dé Ola. Ìyá arúgbó kan nínú agboolé náà di ojú rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó wò ó pẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í ní oríkì ilé wọn.

Mo ti tún ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ṣe láti ìgbà náà, tí àìsàn wọn le ju ti ọjọ́ yẹn lọ. Ṣùgbọ́n títí di ọjọ́ náà, èrò mi ni pé ẹni tó bá ti ìlú ńlá wá ló mọ̀ ọ́n, pé ti èmi ni kí n tẹ ohun tí wọ́n bá ní kí n tẹ̀. Ká ní mo dákẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, ọmọbìnrin náà ì bá gba iwájú ilé baba baba rẹ̀ kọjá, kò ní mọ̀.