Ó Ní Kí N Jù Ú Pẹ̀lẹ́

Òórùn ẹja gbígbẹ láti ọjà Pessu ní Warri ni afẹ́fẹ́ máa ń gbé wá bá wa lórí pápá tí àwa ọmọbìnrin ti ń gbá sọ́fúbọ́ọ̀lù. Èmi, ọmọ ọlọ́jà ará Ọ̀yọ́, ni mo ń ju bọ́ọ̀lù, láti ìsàlẹ̀ ìbàdí, kí ó máa lọ bí ọta. Ọ̀rẹ́ mi kan ló ń lóṣòó lọ́ọ̀ọ́kán tó ń hán an. Ìka rẹ̀ ló ń sọ ibi tí n óò jù ú sí. Mi ò jiyàn rí.

Nígbà tí ìjà láàárín àwọn ẹ̀yà bẹ́ ní Warri, tí wọ́n ń jó ilé ara wọn, àwọn òbí rẹ̀ kó o sá lọ sí Otor-Udu lẹ́yìn ìlú. Síbẹ̀, ó ń la ojú ṣọ́jà kọjá wá dánra wò.

“Ìwọ ọmọ yìí, wọ́n ń yìnbọn, bọ́ọ̀lù lò ń jù?” ni ìyá mi wí fún mi.

“Mama, I go still go.”

Mi ò gbàgbé ẹyọ kan nínú ohun tí ọ̀gá tó ń bójú tó eré ìdárayá àwa ọ̀dọ́ fojú wa rí. Ó kó ìbọ̀wọ́ wa sílé ara rẹ̀, ó ní nítorí kónílé-ó-gbélé. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọkùnrin ń dánra wò lójú rẹ̀ kòrókòró. Láàárọ̀ tí a fẹ́ lọ síbi ìdíje, ó yọ ọ̀rẹ́ mi, ó ní ẹ̀yà rẹ̀ ló ń da ìlú rú. Ta ló fi rọ́pò? Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀!

Kóòṣì wa, obìnrin tí kì í pariwo, ní, “Oga, make we test am first.”

Mo ju bọ́ọ̀lù sí i. Ọmọ náà yà fún un, bọ́ọ̀lù sì lọ tẹ ilẹ̀kùn mọ́tò ọ̀gá wọnú.

Ọ̀rẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín. “Oga, your motor sabi catch pass your pikin o!”

Ọ̀gá kọjú sí mi. “Throw am small small for her.”

“No, sir. Where we dey go, nobody go soft for us.”

Mo jókòó sílẹ̀ níwájú bọ́ọ̀sì. Àwọn yòókù jókòó tì mí, àwọn ọmọ tí bàbá wọn kò kí ara wọn mọ́. Ọ̀gá halẹ̀ títí, oòrùn mú, bọ́ọ̀sì kò gbéra. Nígbẹ̀yìn ó ní kí ọ̀rẹ́ mi wọlé.

A kò gba ife. Àṣekágbá ni wọ́n ti nà wá. Ọ̀gá náà kò sì bẹ ọ̀rẹ́ mi títí dòní. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé apá líle ló ń mú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ figagbága. Apá líle ò wọ́n ní Warri. Ẹni tí kò ní yà nígbà tí o bá lo gbogbo agbára rẹ ló wọ́n. A rí irú ẹ̀, ẹnì kan sì fẹ́ dà á nù nítorí ilé tí wọ́n bí i sí.