Iye Tí Téèpù Pe Ìwé Tí Kò Ṣeé Fọwọ́ Pa

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe àlọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi lè sọ ọ́ nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè. Àlọ́ a máa ní ibi tí yóò ti dùn. Èyí ṣì ń bí mi nínú.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin lọ̀rọ̀ kàn, aránṣọ ni. Téèpù ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí pé téèpù ìwọnṣọ kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ì báà jẹ́ ilé ìwẹ̀ ló ń lọ. Ẹni tí èjìká rẹ̀ kan wọlẹ̀, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀, ẹni tí ẹsẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Bó bá rán aṣọ fún wọn tán, wọ́n á dúró níwájú dígí, wọ́n á máa wá ibi tí wọ́n ti wọ́. Wọn ò ní rí i.

Ṣùgbọ́n sísọ́ọ̀sì ti ba ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jẹ́. Dókítà ní kó fi aṣọ gígé sílẹ̀ bí kò bá fẹ́ kí ọwọ́ náà kú sí i lára. Kí ló máa wá jẹ? Ilé iṣẹ́ kan tó ń rán aṣọ nọ́ọ̀sì ń pè é, ṣùgbọ́n aṣọ gígé náà ni, láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó ní kí wọ́n fún òun láyè díẹ̀. Ló bá fi àtàǹpàkò ọwọ́ òsì tẹ gbogbo ohun tó mọ̀ sínú fóònù, bí a ṣe ń gé aṣọ fún ara tí kò dọ́gba. Ó di ìwé, ìwé inú fóònù. Bí àwọn èèyàn bá ń rà á, á fi sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. Bí wọn ò bá rà á, ó di ilé iṣẹ́, kí ọwọ́ máa kú lọ.

Aládùúgbò wa tó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ló bá a gbé e sórí ayélujára. Mo wà níbẹ̀, lórí àga onírọ́bà, tí ooru ẹ̀rọ fòtókópì ń fẹ́ sí mi lẹ́sẹ̀.

"Èló lẹ fẹ́ máa tà á?" atẹ̀wé bi í.

Téèpù gbójú sókè àjà, ó pe iye tí èèyàn fi ń rán odindi gáùn ìyàwó.

Atẹ̀wé yọ awò ojú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìwé ni àbí ilẹ̀ lẹ fẹ́ tà?"

"Ìwọ ṣáà kọ ọ́ síbẹ̀," Téèpù dá a lóhùn. "Wọ́n á ná an."

Ẹ má bú u. Ṣọ́ọ̀bù aṣọ ìyá rẹ̀, ìyẹn ọmọ mi, ló ti dàgbà. Níbẹ̀, iye àkọ́pè kì í ṣe iye ọjà. Oníbàárà á gbọ́, á pòṣé, á ní ìdajì lòun máa san. Ìyá rẹ̀ á ní, "Háà, ṣé ẹ fẹ́ kí n sùn lébi ni?" Oníbàárà á ṣe bí ẹni ń lọ, wọ́n á pè é padà. Kí wọ́n tó ká aṣọ sínú ọ̀rá, wọ́n ti mọ orúkọ ọmọ ara wọn. Ẹni tó bá pe ojú owó lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á rò pé aṣọ rẹ̀ lábàwọ́n ni. Ohun tí Téèpù mọ̀ nípa ọjà títà nìyẹn, òun náà lèmi mọ̀. Mo ní ó káre.

A wá ń dúró de ẹni tí yóò ná an.

Téèpù á tan fóònù, á pa á, á tún tàn án. Atẹ̀wé ní àwọn èèyàn ń wá wò ó, ẹ̀rọ ń kà wọ́n. Wọ́n ń wá, wọ́n ń wò, wọ́n ń lọ. Kò sí ẹni tó pòṣé, kò sí ẹni tó ní olè ni.

Mo ní, "Ṣé wọn ò lẹ́nu ni?"

"Màmá àgbà, kò síbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Iye tí wọ́n bá bá níbẹ̀, ó parí nìyẹn."

"Pè wọ́n padà, o ò pè wọ́n."

"Ta ni kí n pè? Ṣé mo rójú ẹnì kankan ni?"

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọjà tí kò lójú, báwo lèèyàn ṣe ń ná an? Wọn ò mọ ọmọ náà rí, ìwé rẹ̀ kò ṣeé fọwọ́ pa bí aṣọ, òkìkí rẹ̀ kò sì kọjá òpópónà wa. Mo kàn ń bínú sí àwọn tí mi ò rí.

Àwọn tí à ń rí ńkọ́? Àwọn yẹn ló tún burú. Àbúrò ìyá rẹ̀ pè é: "Téèpù, fi ìwé ẹ ránṣẹ́ sí mi, kí n máa fi ṣe yàngàn."

"Ẹ rà á, Àǹtí."

"Kí n rà á? Èmi tí mo pọ̀n ẹ́?"

Ọkọ Téèpù, tó ń tún fáànù ṣe, kò gbé orí sókè nídìí wáyà tó ń so. "Ìwé tí èèyàn ò lè fi fẹ́ ara rẹ̀ tí iná bá lọ! Máa pín in lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n lè mọ̀ ẹ́."

"Ṣé ọ̀fẹ́ lẹ máa ń tún fáànù ṣe?"

"Fáànù nírin nínú."

"Ìwé mi lọ́wọ́ mi nínú!" Téèpù na ọwọ́ tó wú náà sí i lójú. Ọkùnrin náà tẹjú mọ́ wáyà rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ aṣọ nọ́ọ̀sì ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ gbọ́ èsì lọ́jọ́ Ajé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn á mú ẹlòmíràn. Téèpù pa dà sọ́dọ̀ atẹ̀wé. Ó já iye náà wá sí ibi tí ì bá gbà ká ní wọ́n ná an ni, iye tí kò ju ti kíká ẹsẹ̀ ṣòkòtò méjì lọ. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Iye tó jálẹ̀ nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ná an." Atẹ̀wé ní kó fi àwòrán ara rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí i, kí wọ́n lè mọ̀ pé èèyàn ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, nígbà tí à ń ṣa ẹ̀wà, fóònù dún. Téèpù kà á sókè: "Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin aránṣọ. Mo rí ìwé yín. Èló ni jálẹ̀?"

Ó sọ ẹ̀wà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Nígbà tí mo fi àyè sílẹ̀ kí wọ́n ná an, wọ́n sá! Mo wá ní kí wọ́n má ná an, wọ́n dé!"

"Dá a lóhùn," mo ní. "Ẹni tí kò fẹ́ rà kì í béèrè jálẹ̀."

"Kí n yọ èwo, Màmá àgbà? Àwọn tó ń bá mi tà á lórí ayélujára gan-an ń yọ tiwọn kó tó kàn mí."

Ó dá a lóhùn pé kò gbà. Fóònù dákẹ́. Ọkọ rẹ̀ nahùn láti inú yàrá: "Pè é padà!"

"Ẹ jẹ́ n gbọ́!"

Fóònù tún dún. "Ó dáa. Ẹ wá fi èènì sí i. Ọmọ mi obìnrin, èjìká òsì rẹ̀ wọlẹ̀. Yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ máa ń yọ̀ bọ́, wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ níléèwé."

"Èènì!" ni Téèpù ń wí. "Èènì ìwé! Ṣé kí n bu ojú ìwé méjì fún un nínú abọ́ ni?" Ṣùgbọ́n ó ti ń pè é. Mo gbọ́ tó ń sọ fún obìnrin náà pé kó má ṣẹ́ aṣọ po kó tó gé e, kó wọn èjìká kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kó fi tìmùtìmù tín-ín-rín sínú èjìká òsì aṣọ náà. Ìbínú ti kúrò lóhùn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí ọ̀rọ̀, obìnrin náà sanwó.

Ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni tí a ò mọ̀ rí, tí kò pọ̀n ọ́n rí.

Lọ́jọ́ Ajé, Téèpù ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ pé òun ò wá mọ́. Ọkọ rẹ̀ pòṣé. Èmi náà ò mọ̀ bóyá ó dáa, torí owó tó wọlé kò tó ra ọṣẹ. Ó rọra ki ọwọ́ ọ̀tún bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó gbé fóònù ka orókún. Ó dún.

"Ẹ̀gbọ́n mi tó ra ìwé yín ní ẹ máa ń fi èènì sí i. Ìdajì ló wà lọ́wọ́ mi o."

"Mo kọ ọ́ síbẹ̀!" Téèpù ń fi àtàǹpàkò òsì lu fóònù bí ẹni ń kan ìṣó. "Jálẹ̀ ni mo kọ síbẹ̀, jálẹ̀!"

Mo ní kó rọra tẹ̀ ẹ́. Àtàǹpàkò yẹn ló kù.