Obìnrin Tó Ń Ránṣọ Lára Owó Bébà

Bàbá Dígí ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè é, nítorí dígí kan tí kì í kúrò lórí tábìlì rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa fín àwòrán owó bébà sára irin pẹlẹbẹ. Ohun tí a bá fín sára irin, òdì rẹ̀ ló máa ń jáde lórí bébà: ọ̀tún á di òsì, òsì á di ọ̀tún. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé inú dígí ló ti ń wo àwòrán kó tó fín in. Ó ṣe é títí ó fi mọ́ ọn lára, débi pé bí ẹnìkan bá júwe ọ̀nà fún un lójú títì, ó máa ń kọ́kọ́ dúró ro apá ibi tó yẹ kó yà sí.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe owó tuntun kan, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ní àwòrán obìnrin tó ń fọwọ́ ránṣọ ni òun fẹ́. Bàbá Dígí kò wá ẹni lọ sọ́nà jíjìn. Télọ̀ ni ìyàwó rẹ̀. Ó ní kó jókòó sẹ́bàá fèrèsé, ó sì yà á sórí bébà: ojú tó tẹjú mọ́ aṣọ, ọwọ́ tó fa abẹ́rẹ́ sókè, okùn tó gùn tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í fín in. Òjò dé, òjò lọ, kò tíì parí, torí ilà tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ ni wọ́n fi ń gbé ojú èèyàn jáde lára irin. Nígbà tó parí, wọ́n dáná sun àwòrán orí bébà náà, bí òfin ilé iṣẹ́ ṣe wí, kí olè má baà rí i lò.

Ọjọ́ tí wọ́n tẹ èyí àkọ́kọ́ láti dán an wò, ọ̀gá gbé e sún mọ́ iná.

"Bàbá Dígí, ọwọ́ òsì ni obìnrin yìí fi mú abẹ́rẹ́."

Bàbá Dígí wò ó. Ta ló ń fi òsì ránṣọ?

"Ọ̀gá, mo gbàgbé dígí ni."

Irin mìíràn ni wọ́n fín nọ́ńbà àti ọ̀rọ̀ owó náà sí, àwòrán sì ti jóná. Kò sí ohun tí wọ́n lè fi í wé mọ́ láti mọ̀ bóyá òdì ni lóòótọ́. Ọ̀gá ní kó má banú jẹ́, kó fín òmíràn. Tó bá di òwúrọ̀, wọ́n á fi ẹ̀rọ ha èyí dànù.

Ó wọ́ ẹsẹ̀ délé. Ìyàwó rẹ̀ ń ká etí ṣòkòtò kan.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Ọmọ Mi. Kí ló dé tí ojú yín fà ro?"

"Iṣẹ́ mi ti dànù, àárọ̀ ọ̀la ni wọ́n á fi ẹ̀rọ ha á. Mo fín ọ sódì. Ọwọ́ òsì lo fi mú abẹ́rẹ́."

Obìnrin náà tún abẹ́rẹ́ kì bọnú aṣọ, ó fà á jáde.

"Ọwọ́ wo nìyí?"

Bàbá Dígí wò ó. Ó yíjú sí ògiri, ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ sókè, ó tún yíjú padà.

"Òsì ni."

"Ẹ kú ìwòye. Ta ló wá ń bá yín rán bọ́tìnì láti ọjọ́ yìí?"

"Ìwọ ni."

"Ó jọ pé inú dígí lẹ ti fẹ́ mi." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò pẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ha mí dànù. Láti kékeré ni ìyá mi ti ń gba abẹ́rẹ́ kúrò lọ́wọ́ òsì mi sí ọ̀tún, títí ó fi sú u. Ilé iṣẹ́ yín ò gbọdọ̀ bá a parí rẹ̀."

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, Bàbá Dígí ti dúró síwájú ẹ̀rọ, ó gbá irin náà mọ́ àyà bí ọmọ tuntun. Ọ̀gá bá a níbẹ̀.

"Lánàá ẹ ní ẹ gbàgbé dígí. Kí lẹ wá gbàgbé lónìí?"

"Ọ̀gá, mi ò gbàgbé dígí. Ìyàwó mi ni mo gbàgbé. Ọlọ́wọ́ òsì ni."

Àwọn tó ń po tàdáwà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọ̀gá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Àwọn èèyàn á ní a ṣàṣìṣe."

"Wọ́n lè sọ bẹ́ẹ̀, sà. Àmọ́ bí mo bá fín òmíràn, yóò pẹ́ tó èyí, kò sì ní í jẹ́ òun."

Ọ̀gá gbé bébà náà sún mọ́ iná lẹ́ẹ̀kan sí i. Ojú obìnrin náà dà bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó mú gègé, ó fọwọ́ sí i.

Owó náà pẹ́ níta kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀. Títí dòní, àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ ṣì ń bá ara wọn jiyàn bóyá afínrin náà sùn lẹ́nu iṣẹ́ ni. Bàbá Dígí ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀rọ̀ wọn kì í dùn ún. Ojú ìyàwó rẹ̀ ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀, òun ló ń bá a ki okùn bọ ojú abẹ́rẹ́ báyìí. Bó bá ti kì í tán, apá òsì ló máa ń nà án sí, láìbéèrè.

"Ẹ ti ń mọ̀ mí bọ̀," ni obìnrin náà máa ń wí.