Òwú Inú Sàléńsà Ọkọ Mi

Ọkọ mi kórìíra ariwo. Bí ọ̀kadà rẹ̀ bá ti ń han bíi ti àwọn ọmọ Mile 12, á tú sàléńsà rẹ̀, páìpù tí èéfín ń gbà jáde, palẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ketu, á fa irin oníhò inú rẹ̀ yọ, á sì ha òwú tó ti gbó kúrò lára rẹ̀. Èmi ni mo máa ń wé òwú tuntun mọ́ ọn, torí ìka tirẹ̀ nípọn. Òwú tí iná kì í jó ni, òun ló ń pa ariwo ọ̀kadà náà. Ó máa ń yún mi lọ́wọ́ di ọjọ́ kejì, níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi.

"Wé e kó le dáadáa, Tíṣà," ni yóò wí. "Ọmọlúàbí kì í jẹ́ kí àdúgbò mọ ìgbà tí òun jáde."

Lóòótọ́, tí mo bá ń máàkì ìwé nínú yàrá, n kì í mọ ìgbà tó jáde. Mo sì ń fi ìwà rẹ̀ yangàn fún àwọn ará ilé.

Ọjọ́ tí a sin ín ni obìnrin kan dé láti Alápẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta tí imú wọn jọ ti ọkọ mi. Ó kúnlẹ̀.

"Mummy, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Bàbá wọn kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan sàléńsà yẹn o. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó mọ òwú rẹ̀ wé bíi tiyín."

Nínú gbogbo ọdún tí mo fi jẹ́ ìyàwó rẹ̀, ìyìn kan ṣoṣo tó yìn mí nìyẹn. Ẹnu obìnrin yẹn ni mo ti gbọ́ ọ.